Bàbá mi ń sọ pé "a dúpẹ́", nọ́ọ̀sì ní kí n kọ nọ́ńbà. Èwo ni kí n kọ?

ỌmọDẹ́rẹ́bà (Ìta-Ẹlẹ́wà), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún bàbá mi. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n. Dẹ́rẹ́bà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, Sábó sí Máìlì 12, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa, wọ́n sì ní ká máa lọ sílé láàárọ̀ òní. Ká tó kúrò ni nọ́ọ̀sì fún mi ní ìwé pélébé kan. Ó ní láàárọ̀ àti lálẹ́, kí n máa bi bàbá pé láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora wọn, kí n máa kọ ọ́ síbẹ̀ títí di Ọjọ́bọ̀ tí a ó padà lọ.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Lọ́jọ́ Ẹtì ní wọ́ọ̀dù, wọ́n bi bàbá, bàbá fi ẹ̀rín dáhùn: "Mẹ́wàá!" Nọ́ọ̀sì sáré lọ gbé abẹ́rẹ́. Àṣé máàkì ni bàbá rò pé wọ́n ń bi àwọn, bíi ti ilé ìwé. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, ara ti yá nìyẹn. Nígbà tí wọ́n là á yé wọn, wọ́n ní "Háà, òdo ni, òdo ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Láti ìgbà náà, òdo ni.

Mo bi wọ́n nírọ̀lẹ́ yìí, òdo. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ dìde lọ tọ̀, mo rí ọwọ́ wọn lára igi bẹ́ẹ̀dì: gbogbo iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ ló yọ síta. Wọ́n di èémí mú títí wọ́n fi nàró. Ikọ́ ń gbọ̀n wọ́n lọ́fun, wọn ò jẹ́ wú u.

Ṣé òdo yẹn ni kí n kọ, àbí ohun tí mo fojú rí?

ÀgbàẸ̀bùté, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:57 alẹ́

Ohun tí o rí ni kí o kọ, jàre. Àgbà wo lo rí tó máa jókòó síwájú ọmọdé tó wọ aṣọ funfun, tí á ní "ó ń dùn mí, méje ni"? Bàbá tèmi tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ nígbà kan, ìṣó wọlé dé ìdí, wọ́n ní èèrà ló jẹ àwọn.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:20 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n ÀgbàẸ̀bùté, ẹ má bínú o, mi ò fara mọ́ ọn. Ọdún 14 ni mo ti lò ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ. Mo ti rí ẹni tó ń wo fíìmù lórí fóònù, tó ń rẹ́rìn-ín, tí ìrora rẹ̀ jẹ́ 8. Mo sì ti rí ẹni tó ń kígbe kọ́bùkọ́bù, tó jẹ́ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹni tó ń jẹ ìrora ló ni ín. Tó bá jẹ́ ojú la fi ń wò ó, ẹni tó mọ igbe é ké la ó máa fún ní oògùn, ẹni tó ní sùúrù á sì máa jìyà sínú.

Àmọ́ ìwọ ọmọ yìí, bí o ṣe ń bi wọ́n ni kò tíì dáa. O bi wọ́n nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ tí wọn ò mira. Ó lè jẹ́ òdo lóòótọ́! Ẹ̀ẹ̀mejì là ń bi í. Bi wọ́n ní ìdùbúlẹ̀, kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, fún wọn ní pílò kékeré kan, kí wọ́n fi tẹ ojú abẹ mọ́ra, kí wọ́n wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí kí wọ́n dìde jókòó, kí o tún bi wọ́n lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà kejì yìí gan-an la nílò. Ẹni tí ìrora kò jẹ́ kó wúkọ́ kò ní lè mí kanlẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á wá gbára jọ síbi tí kò yẹ, àyà la ó tún máa tọ́jú lẹ́yìn ìpá.

Kí o sì sọ orí àti ìsàlẹ̀ òṣùwọ̀n náà fún wọn. 0 ni pé kò dùn wọ́n rárá, òun ló dára jù. 10 ni ìrora tó burú jù tí wọ́n lè rò. 1 dé 3 kéré, 4 dé 6 wà láàárín, 7 lọ sókè ti le. A kì í fi wé ti ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì o, àná bàbá la fi ń wé òní bàbá. Bi wọ́n kí wọ́n tó lo oògùn, kí o tún bi wọ́n ní nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí 6 bá di 3, oògùn ń ṣiṣẹ́. Bí 6 bá dúró ní 6, ó yẹ kí dókítà gbọ́.

Bí nọ́ńbà bá kọ̀ pátápátá, fi ọ̀rọ̀ bi wọ́n: kò sí, ó wà díẹ̀, ó mọ níwọ̀n, ó pọ̀. A ń lò ó bẹ́ẹ̀ náà, ojúlówó òṣùwọ̀n ni.

Ní ti ìbéèrè rẹ: kọ méjèèjì. Ohun tí wọ́n sọ ní apá òsì, ohun tí o rí (ọwọ́ lára igi bẹ́ẹ̀dì, dídi èémí mú) ní apá ọ̀tún. Má fi ọ̀kan pa ìkejì rẹ́.

ÌyáÌbejì_Ìgbógbó, Ọjọ́ Àìkú, 6:05 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí inú mi kò tíì rọ̀ sí nọ́ńbà yìí.

Nígbà tí wọ́n yọ ìju fún mi, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ 4. Ọjọ́ kìíní 4, ọjọ́ kẹta 4, ọjọ́ karùn-ún 4. Ẹni tó bá wo fáìlì mi á ní kò sóhun tó yí padà. Àmọ́ 4 ti ọjọ́ kìíní, ó ń ro mí ni, bí apá ẹni tó gúnyán fún odindi ìgbéyàwó. Ti ọjọ́ kẹta, ó ń fà mí tí mo bá yí ẹ̀gbẹ́. Ti ọjọ́ karùn-ún, ó ń sọ mí kì, kì, kì, bí ìgbà tí ọkàn bá ń lù, ibẹ̀ sì gbóná lábẹ́ pílásítà. Kò sẹ́ni tó bi mí pé irú èwo ni. Obìnrin tó ń gbá wọ́ọ̀dù ló dúró tìgbálẹ̀-tìgbálẹ̀ lọ́wọ́, tó ní "Màmá, báwo ló tiẹ̀ ṣe ń ṣe yín?" Mo ní ó ń sọ mí. Òun ló lọ pe nọ́ọ̀sì wá. Ìgbà tí wọ́n ṣí i, ó ti pọ́n, ó ti wú, ọyún ti ń gbára jọ sí ìkángun kan.

Yorùbá ti wọn ìrora kí wọ́n tó bí dókítà. Ó ń ta mí, ó ń gún mi, ó ń ro mí, ó ń fà mí, ó ń jó mi, ó ń sọ mí. Kò sí méjì tó jọra nínú wọn. Tó bá wá di pé ó ń yún mi, kí wọ́n máa dúpẹ́, ó ń jinná nìyẹn. Ẹ bi bàbá bẹ́ẹ̀, wọ́n á dáhùn.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́, Ọjọ́ Àìkú, 7:31 àárọ̀

Màmá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an. Ohun tí ẹ sọ yìí ló gbé onímọ̀ kan, Ronald Melzack, ní Kánádà, dé ibi tó fi gbé ìwé ìbéèrè kan jáde lọ́dún 1975. Ọ̀rọ̀ 78 ló kó sínú rẹ̀, ó pín wọn sí ọ̀wọ́ 20: èyí tó ń sọ, èyí tó ń gún, èyí tó ń jó. Ó ti rí i pé "mélòó" nìkan kò tó.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ tún kinní kan ṣe. Kì í ṣe gbogbo yíyún ni jíjinná. Bó bá ń yún yíká ibi tí pílásítà lẹ̀ mọ́, tí ara ibẹ̀ sì sú wẹ́wẹ́, pílásítà náà ni kò bá ara mu. Ẹ má fi èékánná kàn án, ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Bọ̀bọ́Ágírìkì, Ọjọ́ Àìkú, 9:12 àárọ̀

Kí lẹ ń ṣèwé lé lórí? Tramadol. Ẹ lọ sí kẹ́místì, ẹ ra [a ti yọ ìyókù]. Bàbá á sùn bí ọmọ tuntun.

Alábòójútó, Ọjọ́ Àìkú, 9:30 àárọ̀

Bọ̀bọ́, mo ti yọ iye tí o kọ. A kì í kọ ìwọ̀n oògùn fún aláìsàn ẹlòmíì níbí. Ẹ̀yin tó kù, ẹ má dárúkọ ilé ìwòsàn kankan bí ẹ bá ń sọ èyí tó bí yín nínú.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́, Ọjọ́ Àìkú, 9:48 àárọ̀

Ẹ ṣé, Alábòójútó. Tramadol ní ìgbà tó wúlò, dókítà ló sì ń kọ ọ́. Ó ń di bárakú, ó lè fa gìrì, ó ń kọ́ni lóòyì, àgbà tó bá dìde lóru pẹ̀lú rẹ̀ lè ṣubú. Ó sì ń mú kí ìgbẹ́ le. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ìpá rẹ̀, ìgbẹ́ líle tó ń mú èèyàn fún ara mọ́lẹ̀ kọ́ ló yẹ kí ẹ rà fún un.

Ẹ má sì fi diclofenac, oògùn ìrora mìíràn, dípò rẹ̀ láìbéèrè, pàápàá bí bàbá bá ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín.

Onítàkúrọ̀sọ, Ọjọ́ Àìkú, 1:15 ọ̀sán

Èmi a máa bẹ̀rù nọ́ńbà yìí fún ìdí mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í polongo pé ìrora ni àmì ìyè karùn-ún. Wọ́n ń wọn ìgbóná ara, ìlù ọkàn, èémí àti ìfúnpá, wọ́n sì ní ìrora náà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Dókítà wá di ẹni tó ń lé nọ́ńbà kiri kó lè wálẹ̀. Oògùn líle tó ń di bárakú pọ̀ nílé gbogbo èèyàn, ọ̀pọ̀ kú. Nígbà tó di 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà wọn fúnra wọn ní kí wọ́n yọ ìrora kúrò lára àmì ìyè. Nítorí náà, kí ẹ má jẹ́ kí bébà di ọ̀gá. Bí bàbá bá ní òdo, ó tó.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́, Ọjọ́ Àìkú, 2:02 ọ̀sán

Òótọ́ lẹ sọ nípa Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wa kò sí nínú bàtà wọn. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, aláìsàn tó ń jẹ oògùn ìrora jù kọ́ ló ń pa mí lẹ́kún, èyí tí a kò bi ní nǹkan kan títí ilẹ̀ fi mọ́ ni.

FísíòÒdógunyàn, Ọjọ́ Àìkú, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí ìrora, ìrora sì jẹ́ ìdajì ọ̀rọ̀ lásán. Ìwòsàn la fẹ́ wọ̀n. Ara ẹlòmíì kì í dùn ún mọ́, síbẹ̀ kò lè wọ ṣòkòtò fúnra rẹ̀.

Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní QoR-15. Ìbéèrè 15 ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ nípa wákàtí 24 tó kọjá. Ṣé èémí ń lọ geere? Ṣé oúnjẹ ń dùn lẹ́nu? Ṣé oorun dáa? Ṣé ó dá wẹ̀, ó dá lọ sí ilé ìgbẹ́? Ṣé ó bá ará ilé sọ̀rọ̀? Ṣé èébì ń gbé e? Ṣé ìbànújẹ́ dé sí i? Òdo dé mẹ́wàá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ 150, níbẹ̀ bí máàkì bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dáa tó (bàbá ì bá gba mẹ́wàá-mẹ́wàá wọn!). Nínú ìbéèrè 15 yẹn, méjì péré ló kan ìrora.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lẹ lè ṣe nílé. Ẹ gbé àga síbi kan, ẹ wọn mítà 3 sílẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Kí bàbá dìde lórí àga, kí wọ́n rìn dé ìlà, kí wọ́n yípo, kí wọ́n padà wá jókòó. Ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀, kí ẹnì kan dúró tì wọ́n. Bó bá jẹ́ 25 lónìí, 18 lọ́tùnla, ìwòsàn ń bọ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá fi ẹnu sọ.

ÀgbàẸ̀bùté, Ọjọ́ Àìkú, 6:18 ìrọ̀lẹ́

Gbogbo gírámà yìí, ẹ ò bèèrè èyí tó ṣe pàtàkì. Ṣé bàbá ti só?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n la inú èmi, dókítà ńlá, onítáì, ló ń wá sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì mi láràárọ̀: "Bàbá, ṣé ẹ ti só?" Lọ́jọ́ tí mo só, wọ́ọ̀dù pàtẹ́wọ́.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́, Ọjọ́ Àìkú, 8:44 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa mí! Òótọ́ ni, fún ẹni tí wọ́n fọwọ́ kan ìfun rẹ̀, isó ni ìròyìn ayọ̀, ó fi hàn pé ìfun ti jí. Ṣùgbọ́n níbi ìpá tí wọn kò gé ìfun, ìbéèrè tó ṣáájú fún ọkùnrin àgbà ni pé: ṣé wọ́n ń tọ̀ dáadáa? Pàápàá bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n fi kun apá ìsàlẹ̀ wọn. Ìtọ̀ lè há, kí inú máa wú, kí àgbà sì máa sọ pé "a dúpẹ́".

Àwọn èyí tí ẹ ò gbọdọ̀ dúró de Ọjọ́bọ̀ fún: ìtọ̀ tó há, ibà tó dé 38, ọyún lójú abẹ, inú tó le gbagidi pẹ̀lú èébì, iṣu ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú tó sì ń dùn, èémí tó ń já. Àti ìrora tó ti lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá tún ń gòkè.

ÌyáKékeré_Ìjẹdẹ̀, Ọjọ́ Ajé, 11:03 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ńkọ́? Ọmọ mi ọdún 4, wọ́n yọ bẹ́lúbẹ́lú fún un, wọ́n gbé àwòrán ojú mẹ́fà fún un, èyí tó ń rẹ́rìn-ín dé èyí tó ń sunkún, kó fọwọ́ kan tirẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ló ń mú ṣáá, kò sì lè gbé itọ́ mì.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́, Ọjọ́ Ajé, 12:20 ọ̀sán

Èyí tó wù ú ló mú, kì í ṣe èyí tó jọ ọ́. Ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́dún mẹ́ta, mẹ́rin. "Èwo lo fẹ́ràn?" ló gbọ́. Ní irú ọjọ́ orí yẹn, a máa ń wo nǹkan márùn-ún kún un: ojú rẹ̀ (ṣé ó rún un?), ẹsẹ̀ (ṣé ó ń tapá?), ara (ṣé ó ká jọ gbandi?), ẹkún, àti bóyá wọ́n lè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún tó gbọ́. Òdo dé 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 10. FLACC lorúkọ rẹ̀. Ẹ fún un lómi tútù díẹ̀díẹ̀. Bó bá kọ omi pátápátá tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú itọ́, ọsibítù ni o, lójú ẹsẹ̀.

ỌmọDẹ́rẹ́bà (Ìta-Ẹlẹ́wà), Ọjọ́ Ajé, 9:37 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé o.

Lánàá, mo bi bàbá ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdìde, òdo àti òdo. Mo bi wọ́n bóyá ó ń ta ni àbí ó ń fà, wọ́n ní kí n lọ jẹun. Nígbà tí mò ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀díṣíìtì lónìí ni mo rí hóró paracetamol márùn-ún lábẹ́ pílò, wọ́n fi bébà sìgá wé e. Wọ́n ní kí n tọ́jú ẹ̀ fún ìgbà tó bá dùn wọ́n gan-an.

Ó dùn mí, mo jókòó. Mo kàn ń wo rédíò wọn. Ohun kan wá sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Bàbá, ẹ rántí géèjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó? C nísàlẹ̀, H lókè?" Wọ́n ní ta ni mo rò pé mò ń kọ́. Mo ní, "Ó dáa, ara yín yìí ni ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ wà níbo?"

Wọn ò tiẹ̀ ronú. Wọ́n ní: "Tí mo bá páàkì, ó lé díẹ̀ lókè C. Tí mo bá fẹ́ gbéra, ó ń sún mọ́ ààrin. Tí mo bá wúkọ́, ó kan H, rádíétọ̀ fẹ́ hó." Wọ́n wá wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: "Kí ló dé tí ẹ ò ti bi mí bẹ́ẹ̀?"

Nọ́ọ̀sìAlẹ́, Ọjọ́ Ajé, 10:15 alẹ́

Mo pariwo débi pé ọkọ mi jí. Ọmọ yìí, ohun tí o ṣe yẹn wà nínú ìwé. Ìlà 100 mílímítà, kò sí nọ́ńbà kankan lórí rẹ̀, "kò dùn" ní ìparí kan, "ó burú jù" ní ìparí kejì. Aláìsàn á fi bírò fa àmì, a ó fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ya ìlà bẹ́ẹ̀ sínú ìwé náà, kọ C àti H sí i, kí bàbá fọwọ́ ara wọn sàmì. Má jẹ́ kí wọ́n wo ti àná kí wọ́n tó ṣe ti òní, wọn á fẹ́ kó lọ sílẹ̀ kí inú rẹ lè dùn.

Paracetamol yẹn, kí wọ́n lò ó ní àsìkò tí dókítà kọ, kì í ṣe ìgbà tí rádíétọ̀ bá ti hó. Ìrora tó bá ti gbóná tán ń pẹ́ kó tó tutù. Àgbàlagbà kì í ju hóró 8 ti 500 mg lọ láàárín wákàtí 24, àgbà tó bá fúyẹ́ tàbí tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀ kò tiẹ̀ gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ wo oògùn ọ̀fìnkìn tó bá wà nílé, paracetamol sábà máa ń wà nínú òun náà.

Onítàkúrọ̀sọ, Ọjọ́ Ajé, 10:40 alẹ́

Mo gbà fún géèjì. Nọ́ńbà ni mi ò fẹ́.

ỌmọDẹ́rẹ́bà (Ìta-Ẹlẹ́wà), Ọjọ́bọ̀, 5:26 ìrọ̀lẹ́

A ti lọ, a ti bọ̀. Dókítà wo ìwé náà, ó ní ta ló ya C àti H. Bàbá ní àwọn ni, wọ́n fi ọwọ́ hàn án bí abẹ́rẹ́ ṣe ń bọ̀ wálẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ Ajé tí wọ́n ti ń lo oògùn lásìkò. Ti ìwúkọ́ wà ní mílímítà 85 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wà ní 40 láàárọ̀ yìí. Ìrìn mítà 3 ti dín láti ìṣẹ́jú àáyá 27 sí 16. Ojú abẹ gbẹ. Dókítà ní kí wọ́n má gbé nǹkan wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bàbá ní ṣé jẹ́ẹ́rí omi náà wà lára rẹ̀. Wọ́n ti jókòó sí iwájú ilé báyìí, wọ́n ń bú àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń kọjá.

ỌmọAláta_Sábó, Ọjọ́bọ̀, 7:50 alẹ́

Ẹ kú oríire. Wọ́n máa yọ òkúta inú òróòro fún màmá mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọn ò wakọ̀ rí. Ata ni wọ́n ń tà. Kí ni kí n fi wọn tiwọn?

ÀgbàẸ̀bùté, Ọjọ́bọ̀, 7:58 alẹ́

Ata náà ńkọ́? Láti tàtàṣé dé rodo.

ÌyáÌbejì_Ìgbógbó, Ọjọ́bọ̀, 8:11 alẹ́

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ata ń ta ni. Tí tiwọn bá ń ro ńkọ́?